Etí Kẹta Lórí Okùn

Ajé, 16 Oṣù Kẹwàá 1972

Ẹ̀bùrú ni ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Onílé mọ̀ ọ́n, àlejò kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gba ẹ̀bùrú kì í kan ilẹ̀kùn, kì í kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn lè dúró lẹ́yìn ògiri yàrá, kó máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọn kò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan dé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ilé ní ẹ̀bùrú. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹni tó kọ́lé má fi ilẹ̀kùn sí i.

Mo rí ẹ̀bùrú kan lónìí, nínú Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni mo ń pe ẹ̀rọ tó ń so àwọn tẹlifóònù Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ra, ní sáńtíràlì tí mo ti jẹ́ ẹlẹ́rọ. Ó ti gbó. Tọ̀sán-tòru ló ń dá sọ̀rọ̀ — tà, tà, tà — bí ìyá arúgbó tó ń ka tẹ̀sùbáà. Bí ènìyàn bá yí nọ́ńbà nílé rẹ̀, apá irin kan nínú Ìyá Àgbà á gòkè, á yí, á wá ibi tí okùn ẹni tí wọ́n ń pè wà, á fọwọ́ kàn án. Bí àwọn méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí okùn yẹn, apá á padà, olùpè á gbọ́ pé àyè kò sí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí kì í padà. Apá àyẹ̀wò. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi í síbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ wa tó wà lórí òpó lè pè é láti ìta, kó fi yẹ okùn wò, kódà bí okùn náà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó wúlò. Mo ti lò ó fún ọdún mẹ́ta, mo rò pé tẹlifóònù àwa òṣìṣẹ́ nìkan ló lè dé ibẹ̀. Lónìí ni mo ṣèèṣì fi tẹlifóònù lásán yí i. Ó gbà mí wọlé. Mo yí nọ́ńbà ilé búrẹ́dì kan tẹ̀lé e, mo sì bá ara mi láàárín onílé búrẹ́dì àti ẹni tó ń kó ìyẹ̀fun wá fún un. Wọ́n ń jà. Wọn kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo gbé e sílẹ̀ kíá. Ẹnikẹ́ni tó ní tẹlifóònù ní ìlú yìí, tó bá mọ nọ́ńbà kékeré yẹn, lè dúró nínú yàrá ẹnikẹ́ni.

N kò ní kọ nọ́ńbà náà síbí.

Ìṣẹ́gun, 17

Mo sọ fún ọ̀gá wa tó wà ní Kútọnu. Ó ní àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ ń bọ̀ nínú Oṣù Kínní, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. "Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ?" Mo ní kò sí. "Ó tán. Pa ẹnu rẹ mọ́."

Àṣẹ tó rọrùn.

Àbámẹ́ta, 21

Ìṣínu níwájú ilé Bàbá Mọ́símọ̀, olórí agbolé wa ní Djègan-Kpèvi.

Àṣà ilé yìí ni, a bá a níbẹ̀: nínú oṣù ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ọkùnrin kan á kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lánàá, alápatà kọ́ wa bí a ṣe ń fi ojú mọ màlúù tó ti ń ṣàìsàn. Níjẹta, télọ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń gé agbádá láìfi aṣọ ṣòfò. Ìrọ̀lẹ́ òní kàn mí.

Mo múra. Mo tẹ́ ẹní. Èso dàbínù tí a fi ń ṣínu ni mo fi ṣe ilé àwọn ènìyàn, mo fi ìgbálẹ̀ ṣe okùn, mo fi tẹ̀sùbáà ṣe apá Ìyá Àgbà. Mo ń gbé e lọ láti ọ̀dọ̀ dàbínù kan dé òmíràn, wọ́n ń tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ojú. Bàbá Mọ́símọ̀ ní, "Aboudou, ọmọ mi, bí o bá ń ṣàlàyé, ṣe ni orí mi máa ń ṣí bíi fèrèsé." Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ó dùn mọ́ mi.

Ìgbà náà ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀. Waliou ni, àbúrò Adizatou ìyàwó mi, tó ń ta rádíò àti iná ọwọ́ ní ojúlé kejì sí wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìkan ló ní tẹlifóònù ní àdúgbò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ òyìnbó yìí kò wá ní àléébù kankan? Àwọn kì í ṣàṣìṣe ni?"

N kì í lè rí ìbéèrè kí n fi í sílẹ̀ láìdáhùn. Àìsàn ni. Mo sọ fún wọn nípa ẹ̀bùrú.

"Irọ́!" Waliou ti ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n ń fi ẹnu ààwẹ̀ purọ́! Ẹ jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n wá ṣe é níṣojú wa."

A lọ. Mo yí nọ́ńbà náà níṣojú wọn. Mo rọra yí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn lè rí i dáadáa — bí olùkọ́ rere. Mo wá yí nọ́ńbà mìíràn tó kàn sọ sí mi lọ́kàn. Obìnrin kan ni. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ òun kọ ọmú láti ọjọ́ mẹ́ta, òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe mọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé mi wá ń gba tẹlifóònù lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín — kì í ṣe obìnrin náà ni wọ́n ń rín, ìyanu náà ni.

Nígbà tó kan Bàbá Mọ́símọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ìyàwó mẹ́ta ni mo ní. Ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí tí mò ń gbọ́ nílé ti tó mi."

Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 22

Adizatou gbọ́. Ohun kan péré ló bi mí: "Ọmọ náà wá mu ọmú?"

N kò mọ̀. A ti gbé e sílẹ̀.

Ó wò mí, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀. Díẹ̀ ni. Adùn ìyìn ànà ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́bọ̀, 26

Àwọn ológun ti gba ìjọba.

Lọ́sàn-án ni. Rádíò kọ́kọ́ ń kọ orin ológun, lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀gá ológun kan jáde. Ìjọba olórí mẹ́ta, tí wọ́n ń gbé oyè fún ara wọn bí ẹni ń gbé agbè omi, ti tán. Ìyá Àgbà ya wèrè. Gbogbo ìlú ń pe gbogbo ìlú. Mo dúró láàárín àwọn apá irin náà, ariwo wọn dà bí òjò lórí páànù. N kò rí irú rẹ̀ rí.

Lálẹ́, ológun méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà sáńtíràlì. Wọ́n kí mi. Ọ̀kan fún mi ní dàbínù.

Jímọ̀, 27

Gabriel Òkunọlá wá sí ilé mi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti ń ti ọwọ́ bọ ìgò tàdáwà kan náà. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ mínísítà kan nínú ìjọba tó wó lánàá. Kò jí gègé rí. Ṣùgbọ́n ìròyìn àdúgbò ni pé wọ́n ń wá irú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Aboudou. N kò ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí n kò fi mọ ohun tí n ó wí bí wọ́n bá bi mí."

Ó ń lọ sí oko àwọn ará ìyá rẹ̀. Kò dárúkọ ibẹ̀ fún mi. "Ohun tí o kò mọ̀, wọn kò lè gbà á lẹ́nu rẹ." Esther ìyàwó rẹ̀ àti Ìyádùnní ọmọ wọn á dúró ní àdúgbò Tokpota, nínú ilé wọn tó ní tẹlifóònù. Òun á máa pè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré tó wà nítòsí oko.

Ó wá bi mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí: "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé kò séwu lórí okùn?"

Mo ní, "Kò séwu."

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ẹ̀bùrú kò sí lọ́kàn mi nígbà náà. Rárá. Ó wá sí mi lọ́kàn. Ó kọjá fìrí, bí aláǹgbá lára ògiri, mo sì jẹ́ kó kọjá.

Ajé, 30

Esther wá sí sáńtíràlì. Fòfó ló ń pè mí, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, nítorí láàárín wọn ló dàgbà.

"Fòfó, ẹ bá mi wo tẹlifóònù ilé wa. Bí Bàbá Ìyádùnní bá pè, ó máa ń dáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, n ó gbọ́ 'tà' kékeré kan báyìí, ohùn wọn á wá rẹlẹ̀, bíi ti ẹni tó ti orí bọ ìkòkò. Níjẹta ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lánàá ó tún ṣe bẹ́ẹ̀."

Kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Iná tó ń gbé ohùn lórí okùn kò pọ̀. Ti ẹni méjì ni. Bí etí kẹta bá dé, á bu tirẹ̀ nínú rẹ̀, ti àwọn méjì àkọ́kọ́ á dínkù. Gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀ tó wà fún ẹni méjì tí àlejò bá bá wọn jẹ ẹ́. 'Tà' yẹn, apá àyẹ̀wò ló ń fọwọ́ kan okùn wọn.

Ìyẹn ni mo mọ̀. Ohun tí mo sọ nìyí: "Òjò ni, Esther. Ọ̀rinrin ti wọ okùn."

Mo tilẹ̀ ṣàlàyé fún un. Mo mú àjákù okùn kan lórí tábìlì, mo fi hàn án bí omi ṣe ń jẹ bàbà tó wà nínú rẹ̀, tí yóò sì di àwọ̀ ewé. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Bí mo bá sọ òtítọ́, á bi mí pé ta ló mọ ọ̀nà náà, ta sì ló kọ́ wọn.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé ẹ̀pà sísè kalẹ̀ fún ìṣínu mi, ó lọ.

Ìṣẹ́gun, 31

Mo mú ẹ̀mú lọ síwájú Ìyá Àgbà. Okùn méjì péré ni kí n gé. Ọ̀gá ti ní kí n má fọwọ́ kàn án — bí mo bá gé e, wọ́n á bi mí ìdí — ìdí á mú orúkọ wá.

Mo gbé ẹ̀mú padà. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀pà náà ṣì wà nínú abọ́. N kò lè jẹ ẹ́. N kò lè dà á nù.

Ọjọ́bọ̀, 2

Ìṣínu. Ẹlẹ́rìn-ín wọ aṣọ funfun. Ó ti lọ kí àwọn ológun lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ọba tuntun lọba ń rántí. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín.

"Àwọn akọ̀wé ìjọba àná ti dàgbẹ̀ o! Mo mọ ọ̀kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀gẹ́ ní Akpro-Missérété. Ọwọ́ gègé ti bó! Ó ń sunkún fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkọ́ wúwo!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Mọ́símọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Atẹ́gùn ni, Bàbá." Ó sì ṣẹ́jú sí mi, bí ẹni tí a jọ ní àṣírí.

Dàbínù ẹnu mi di amọ̀.

Ó yẹ kí n dìde nígbà náà. Tokpota kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn ín. Kí n kan ilẹ̀kùn Esther, kí n ní: má jẹ́ kó pè mọ́, sọ fún un kó kúrò níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ tí kò ju ìyẹn lọ. Mo jókòó. Mo tún jókòó. Mo ní bó bá di ọ̀la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, n ó lọ.

Jímọ̀, 3

Wọ́n ti mú Gabriel. Láàárọ̀ yìí, nínú oko ẹ̀gẹ́. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 4

Mo lọ bá Waliou ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé yóò sẹ́. Kò sẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo mú un. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ń sá kiri, mo sì sọ èyí tí mo gbọ́ lórí okùn ilé rẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan, kí ló ń sá fún?"

"Ta ló ní kí o máa gbọ́ ọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu ní tòótọ́. "Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ rọra yí i kí n lè rí i. Kí lẹ fi hàn wá fún, tí kì í bá ṣe kí a lò ó? Télọ̀ kọ́ wa bí a ṣe ń gé agbádá, ṣé kí a máa rìn níhòòhò ni?"

 Èmi, tí n kì í lè rí ìbéèrè kí n fi í sílẹ̀, mo yí padà, mo fi èyí sílẹ̀ fún un.

Mo lọ tààrà sí sáńtíràlì, mo gé okùn méjèèjì. Kò pẹ́ tó àlùwàlá. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ mọ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó kọjá ni ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Àìkú, 5

Esther gbé oúnjẹ lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ti Gabriel mọ́lé. Wọn kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyádùnní wà lọ́dọ̀ wa. Ó ń bi Adizatou bóyá òjò ló mú bàbá òun.

Ajé, 6

Mo lọ bá kapitéènì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n mú. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí lójú ọ̀nà: pé Gabriel kò ṣe nǹkan kan, pé ẹ̀rù ló gbé e sá, pé ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n fi mú un, inú ihò kan nínú ẹ̀rọ mi ni wọ́n ti jí i, pé èmi ni mo fi ihò náà han àwọn ènìyàn.

Ó fetí sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti bu omi tí yóò mu. Nígbà tó rí i pé mò ń gbààwẹ̀, ó gbé ife kúrò níwájú mi. Mo parí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn, báwo ló ṣe ń ṣe é gan-an?"

Ó fún mi ní bébà àti gègé.

Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ṣàlàyé. Mo ya apá irin náà, mo ya bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń yí. Ó ń bi mí ní ìbéèrè tó dára, ìbéèrè ẹni tó gbọ́n. Fún ìgbà díẹ̀ mo gbàgbé Gabriel pátápátá. Adùn yẹn ti padà sẹ́nu mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀rín kan lójú rẹ̀ tí mo ti rí rí, ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta rádíò.

"Ṣé ó ṣì ṣí sílẹ̀?"

"Mo ti gé e, ọ̀gá."

"Ohun tí a gé, a lè so ó." Ó ká bébà náà, ó fi í sápò àyà. "Ẹ ṣọdún yín ní ìrọ̀rùn. Ní Ọjọ́bọ̀, n ó rán ẹnìkan sí yín ní sáńtíràlì. Ọ̀rẹ́ yín á ti sùn nílé rẹ̀ kó tó di ìgbà náà."

N kò ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Ìṣẹ́gun, 7

Oṣù lé. Ariwo ayọ̀ gba gbogbo Djègan-Kpèvi. Wọ́n ní Gabriel ti dé Tokpota.

Wọ́n ti san tiwọn. Ó ku tèmi.

Ọjọ́rú, 8. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀

A kò tíì pẹ́ tí a ti ìrun Yídì dé nígbà tí Gabriel àti Esther wọlé. Ó ti rù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó — ọkọ́ ló bó o, kì í ṣe ológun. Esther gbé adìẹ dídín àti búrẹ́dì wá. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. "Fòfó, bí kì í bá ṣe tiyín. Wọ́n sọ fún Bàbá Ìyádùnní níbẹ̀ pé ẹlẹ́rọ kan ló wá bẹ̀bẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo."

Gabriel di ọwọ́ mi mú.

Mo ní kí Esther dìde. Mo pe Adizatou kó jókòó. Mo tẹ́ ẹní. Mo kó dàbínù jáde, mo mú ìgbálẹ̀, mo mú tẹ̀sùbáà. Wọ́n rò pé eré ọdún ni. Mo wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: dàbínù yìí ni Esther, èyí ni Gabriel, èyí ni ṣọ́ọ̀bù Waliou. Ìrọ̀lẹ́ tí mo rọra yí nọ́ńbà. "Kò séwu." Òjò. Ìṣínu tí mo jókòó tí n kò dìde. Ohùn tí mo fi ń kọ́ni ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. N kò ní òmíràn.

Esther ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Òjò, Fòfó?"

 Ìyẹn ló wọ̀ mí lára jù.

 Gabriel ń wo dàbínù tí mo fi orúkọ rẹ̀ pè. "Mo bi ọ́, Aboudou. Mo dúró níwájú rẹ, mo bi ọ́."

"O bi mí."

Mo sọ ti kapitéènì fún wọn, àti ti Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Bí o kò bá so ó ńkọ́?"

"Wọ́n lè mú ẹlòmíràn wá láti Kútọnu. Bébà tí mo ya wà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ tó le."

"Ìwọ ńkọ́?"

"N kò ní so ó." Bó ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe gbọ́ ọ, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí n ó sọ nìyẹn.

 Gabriel kò dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Esther ló dìde. Kò gbé abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ àlàyé ṣe. Ẹ ṣàlàyé òjò fún mi títí mo fi dúpẹ́. Ẹ lọ ṣàlàyé èyí fún gbogbo ilé tó ní tẹlifóònù, lónìí. Ẹnu tí ẹ fi ṣí i ni kí ẹ fi tì í."

Ọdún ni òní. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò bi ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́ ìdí tó fi ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì tó ń kí onílé. Mo mọ gbogbo okùn ìlú yìí. Mo mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ̀. Bàbá Mọ́símọ̀ bá mi jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo ní òòrùn mú. Ó ní, "Mo bá yín dé ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ nìkan ni mo kó sẹ́yìn, n kò fi ẹnu mi dá yín dúró. Jẹ́ ká máa lọ."

A rìn títí ìrun ìrọ̀lẹ́ fi dé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní kí n tún un sọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú nígbà tí mo tún un sọ tán. Onílé búrẹ́dì bi mí pé kí ni mo gbọ́. Mo sọ fún un. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù Waliou, mo sọ ọ́ fún òun náà, ọ̀rọ̀ kan náà, n kò dín in, n kò fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní ilé kan nítòsí ọjà, obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ kú ọdún, ẹ wọlé." Mo mọ ohùn rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ọmọ wà láyà rẹ̀, ó ń mu ọmú, ó sanra, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀ mú. Mo sọ fún un pé okùn tiwọn ni mo kọ́kọ́ ṣí fún àwọn ènìyàn, ohun tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ ni a gbọ́. Kò bú mi. Ó kàn fa ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ àti ọmú.

Mo ti sọ fún Adizatou pé ọmọ náà mu ọmú. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Adizatou ti ká aṣọ mi méjì sínú àpò, bí wọ́n bá wá mú mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ilé kọ̀ọ̀kan nìyí. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí ohun tí mo gé, ẹlòmíràn lè so ó:

Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, tí ẹ gbọ́ 'tà' kékeré kan, tí ohùn ẹni tó wà lódì kejì sì rẹlẹ̀ lójijì, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni pé òjò ni. Ẹ má dárúkọ ènìyàn. Ẹ má dárúkọ ìlú. Ẹ kí ara yín pé ó dàárọ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ yín rìn lọ sọ èyí tó kù.